Bẹ́líìtì Ọkọ Mi Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Rán

Ẹ má pè mí ní apààyàn. Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìfọ́n, wọ́n sì ti rọra sọ ọ́ lẹ́yìn mi ní Ìlobù, ó sì ti sú mi. Ohun tí mo ṣe burú, mi ò ní í sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí èyí tí àwọn ará àdúgbò ń sọ kiri ti hu ìrù, ó ti hu ìwo.

Orúkọ mi ni Dọlápọ̀sí. Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìlobù, Ìlobù náà la sì ń gbé. Ọmọ Ìfọ́n ni ọkọ mi, Nehemiah. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà sí bá tún gbóná, ojú ferese wa ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò. A ti fara da ìyẹn. Kì í ṣe ìyẹn ló fẹ́ fọ́ wa.

Agégi ni ọkọ mi. Kì í ṣe àwọn tó ń gégi inú igbó tà fún onípákó o. Igi àárín ilé ni tiẹ̀: máńgòrò tó fẹ́ wó lu òrùlé, ìyeyè tí ẹ̀ka rẹ̀ ń kan wáyà iná, àgbọn tó ń já lu mọ́tò onímọ́tò. Yóò gun igi náà, yóò fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ ọn, yóò máa gé e díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá. Jàlálù tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò wà nísàlẹ̀, yóò máa fi okùn sọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkọ mi kì í fi ohun èlò ṣeré. Kó tó jẹun àárọ̀ ló ti máa ń fi fáìlì pọ́n ṣéènì ẹ́ńjìnnì tó fi ń gégi. Okùn tó fi ń gungi kò gbọdọ̀ sùn níta, kò sì gbọdọ̀ fa nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá yá okùn yẹn nígbà kan láti fi so màlúù Iléyá, Nehemiah ní òun ò yá a. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yípo. Ọkọ mi ní kó máa bínú, pé ìbínú sàn ju pósí lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Bàbá Gàfárù, fi òfin kan lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù. Ó ní, "Agégi kì í yẹ ohun ìgungi ara rẹ̀ wò. Ojú ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ máa ń purọ́ fún un. Ẹni tó máa sunkún rẹ ni kó máa bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìyàwó wọn tàbí ìyá wọn ló ń yẹ okùn àti bẹ́líìtì wò fún wọn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, iṣẹ́ mi ni. Nehemiah yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, yóò ní, "Ìyá Fisáyọ̀, ṣé kí n lọ?" Tí mo bá ti ní, "Ẹ máa lọ," ó ti lọ nìyẹn. Kì í tún un wò lẹ́yìn mi.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo ti dà á.

Èmi fúnra mi ni mo rí i pé bẹ́líìtì náà ti gbó. Okùn pẹlẹbẹ tó gbé itan rẹ̀ ró ti ń hu irun létí, ìránṣọ ìdí rẹ̀ sì ti ń tú. Mo fi hàn án.

Ó ní, "Ó ti tó àkókò lóòótọ́. Ìwọ lo mọ okùn, ìwọ lo mọ ìránṣọ. Bá mi lọ rà á l'Óṣogbo. Èyí tó bá dára jù ni kó o mú, má wo ti owó. Títí wàá fi rà á dé, igi kúkúrú ni mo máa máa gé."

Ó kó owó náà lé mi lọ́wọ́ láìkà á lójú mi. Bí ọkùnrin yìí ṣe gbẹ́kẹ̀lé mi tó nìyẹn.

Mo dé Òṣogbo. Ṣùgbọ́n kó o tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta bẹ́líìtì, wàá kọ́kọ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Kingsley, ọkùnrin tó ń ta máṣíìnì ìránṣọ tòkunbọ̀. Máṣíìnì kan wà níbẹ̀ tí ojú mi ò kúrò lára rẹ̀, èyí tó ń rán jíǹsì, tó ń rán awọ. Mo ti ń tọ́jú owó dè é, owó náà ò sì pé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Òṣogbo ni mo máa ń yà lọ kí i bí ẹni ń kí aláìsàn.

Kingsley ti rí mi lókèèrè. "Màdáámù mi, ẹ káàbọ̀ o! Máṣíìnì yín ń lọ o."

"Ó ń lọ síbo?"

"Màdáámù kan láti Ẹdẹ ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án yìí."

"Kingsley, má fi ìyẹn dẹ́rù bà mí. Èmi náà ń tajà."

"Ṣé mo máa purọ́ fún yín ni? Ẹ ṣáà jókòó, ẹ fi rán nǹkan wò. Wíwò ò gbowó."

Mo jókòó. Ta ló rán mi ní ìjókòó? Ó ká jíǹsì pọ̀ fún mi, máṣíìnì náà wọ inú rẹ̀ láìkérora. Ó mú okùn báàgì tó nípọn wá, ó tún wọ inú ìyẹn náà. Ara mi yá gágá. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì láti kékeré ló máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo ní, "Kí ló lè rán gan-an?"

"Kí ni kò lè rán? Bàtà, báàgì, àga mọ́tò, bẹ́líìtì."

Ó ní bẹ́líìtì. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà dání kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ má rò pé mi ò tilẹ̀ dé ibi tó rán mi, mo dé ibẹ̀ o. Mo wo àwọn bẹ́líìtì tí wọ́n kó síta, wọ́n fẹ́lẹ́, ìránṣọ wọn jẹ́ rádaràda. Mo pòṣé. Mo ní ọwọ́ mi á rán èyí tó sàn ju èyí lọ lójú oorun. Ṣùgbọ́n èyí tó dára wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ sókè lẹ́yìn ọlọ́jà, mo rí i kedere. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò rí i ni.

Mo padà sọ́dọ̀ Kingsley. Mo fi owó bẹ́líìtì kún èyí tí mo ti tọ́jú, ó pé owó máṣíìnì.

Nígbà tí wọ́n ti gbé máṣíìnì náà sínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo tilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo tú bẹ́líìtì àtijọ́ náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iná àbẹ́là jó gbogbo irun tó hù. Mo ra okùn báàgì dúdú tuntun, mo fi bò ó níwá lẹ́yìn, mo rán an mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi kẹrosíìnì àti iyanrìn fọ irin ìkọ́ rẹ̀ títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo parí, mo dì í sínú ọ̀rá. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó rí bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jáde.

Nehemiah gbé e sọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. "Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Èyí tó dára jù nìyẹn."

"O ṣé, Ìyá Fisáyọ̀. Èyí tó gbó ńkọ́?"

"Mo ti sun ún." Òfin wọn ni pé bẹ́líìtì tó bá gbó, ẹ sun ún, kí ẹlòmíràn má baà wọ̀ ọ́.

"Máṣíìnì tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Àjọ mi ló bọ́ sí i."

Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọwọ́ lé máṣíìnì náà, ó gbàdúrà sí i. Ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Tó bá jẹ́ pé irú igi tó ń gùn tẹ́lẹ̀ náà ló ń gùn ni, bóyá ìtàn ibòmíràn ni ǹ bá máa sọ. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì "tuntun" yìí mú kó túbọ̀ láyà. Igi tí kì í dáwọ́ lé tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ lé e. Ó gun àràbà lẹ́yìn ọjà. Ó gun tíìkì tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé. Tí wọ́n bá ní, "Bàbá Fisáyọ̀, ẹ rọra o, ibẹ̀ ga," yóò gbá ìdí bẹ́líìtì náà pẹ́ẹ́, yóò ní, "Ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó dìde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìyàwó tó ń ro ire fún òun. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi yíjú wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bojú wo ilẹ̀. Wọ́n ní mo nítìjú.

Àárọ̀ gbogbo ló burú jù. "Ìyá Fisáyọ̀, ṣé kí n lọ?" Màá ní, "Ẹ máa lọ." Lẹ́yìn náà èmi àti máṣíìnì mi á jókòó, gbogbo alùpùpù tó bá sáré kọjá ni màá rò pé wọ́n wá pè mí.

Nígbà tó bá dé nírọ̀lẹ́, màá gba bẹ́líìtì náà bí ẹni fẹ́ gbé e kọ́, màá gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí òwú bá ti ń tú, màá tún un rán. Lọ́jọ́ kejì, màá tún un rán. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ ń ka èyí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Aṣọ tí abẹ́rẹ́ bá ti gún lójú kan náà ní àgúntúngún, kò ní pẹ́ ya lójú ibẹ̀ bíi bébà. Ọ̀gá mi fi ìyẹn kọ́ mi kó tó kọ́ mi ní ọrùn búláòsì. Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì ń gún un.

Mo gbìyànjú láti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó ń jẹun, mo ní, "Bàbá Fisáyọ̀, bẹ́líìtì yẹn..."

"Kí ló ṣe é?"

Mo wo ojú rẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ẹ máa sá a tí òjò bá ti pa á ni."

"Ìyẹn náà lò ń wò mí sí? Bu ọbẹ̀ sí i fún mi o jàre."

Mo bu ọbẹ̀ sí i. Ète mi ni pé màá fi èrè máṣíìnì ra ojúlówó, màá pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá dé, owó iná á dé, owó ìwé ọmọ á dé, màá tún ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Ìfọ́n ṣe dé. Bàbá Dúrósinmí, àbúrò bàbá ọkọ mi, ní àyùnrẹ́ kan lẹ́yìn ilé, igi àtayébáyé, ó sì ti tẹ̀ sórí yàrá tí bàbá náà ń sùn. Àwọn agégi méjì ti wò ó, wọ́n ní àwọn ò lè gùn ún. Nehemiah ní òun á gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó bi mí bó ṣe máa ń bi mí. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn. Òun àti Jàlálù kó ẹ́ńjìnnì àti okùn, wọ́n lọ.

Mo lọ gbá ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, níbi tí mo ti rán bẹ́líìtì náà lálẹ́ àná, nǹkan kan dà sílẹ̀ bí èérí ọkà. Mo rò pé òwú ni. Mo kó o sátẹ́lẹwọ́, mo fi ìka rà á. Kì í ṣe òwú mi. Okùn àtijọ́ náà ni. Inú bẹ́líìtì náà ló ń rún jáde. Ohun tó ṣẹ́kù tó so ọkọ mi mọ́ igi ni okùn báàgì tí mo rà lọ́wọ́ oníbáàgì.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pe fóònù rẹ̀, ó ń dún lásán. Kì í gbé fóònù gungi. Mo pe Jàlálù, wọ́n ní kò sí lórí ìlà. Mo bọ́ sí títì pẹ̀lú aṣọ ilé, mo dá ọlọ́kadà kan dúró, mo ní, "Ìfọ́n, kíá!"

Ó gbé mi dé ààlà, ó dúró. "Ìyá, ibí yìí ni mo mọ o. Èmi ò wọ Ìfọ́n."

"Ẹ̀mí ọkọ mi ni mò ń lé yìí, ọmọ mi!"

"Ẹ máà bínú, ìyá. Èmi náà ní ìyá."

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ń sáré. Obìnrin tó ti bí'mọ, tí orúnkún ń dùn, mò ń sáré lójú títì nínú oòrùn, ìró mi fẹ́ bọ́. Kí n tó rí igi náà ni mo ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ mi wà lókè téńté. Ó ti fi ara lé bẹ́líìtì náà, ó fẹ̀yìn tì í gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ́ńjìnnì mú, kò di igi mú rárá. Ibi tó gbẹ́kẹ̀ lé mi dé nìyẹn.

Mo pariwo, ẹ́ńjìnnì bò mí mọ́lẹ̀. Jàlálù sáré wá bá mi. "Ìyá Fisáyọ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀ka ń bọ̀!"

"Ẹ jẹ́ kó pa á! Ẹ jẹ́ kó pa ẹ́ńjìnnì!"

Jàlálù gbọn okùn. Ìyẹn ni àmì wọn. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Àwọn tó wá wòran ti pọ̀.

Nehemiah wo ìsàlẹ̀, ó rí mi. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀."

"Fisáyọ̀ ńkọ́?"

"Fisáyọ̀ wà ní ilé-ìwé. Bẹ́líìtì yẹn ni! Kì í ṣe tuntun!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Oòrùn ti pa ọ́. Lọ bu omi mu."

"Bàbá Fisáyọ̀, èyí tó gbó ni! Mi ò sun ún! Èmi ni mo fi okùn báàgì bò ó, èmi ni mo rán an! Mi ò ra nǹkan kan bọ̀ l'Óṣogbo!"

Gbogbo ilé gbọ́. Mi ò lè sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọ̀nà jìn láti ẹnu mi dé etí rẹ̀.

Mo rí i tó fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì náà nídìí, tó ń fọwọ́ wá ojú ìránṣọ mi. Lẹ́yìn náà ó ju ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá igi mọ́ra, ó dojú bò ó. Mo wá rí ohun tí mo ṣe. Kí n tó dé, ó wà lókè láìbẹ̀rù. Ní báyìí, ẹ̀rù ti gbé e dè sókè níbẹ̀, kò lè gòkè, kò lè sọ̀.

Jàlálù ló gbà wá. Okùn tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀ ti gba oríta igi kọjá lókè orí Nehemiah. Ó ké sí i pé, "Ọ̀gá! Ẹ fi okùn ẹ̀ka so ara yín lábíyá. A máa sọ yín kalẹ̀. Ẹ má kánjú. Ọwọ́ wa dá ṣáká."

Ó pẹ́ kó tó lè so ó. Àwọn ọkùnrin ilé di ìdí okùn mú. Èmi náà fò mọ́ ọn.

Jàlálù yíjú sí mi. Ọmọ tó ń jẹun nílé mi. Ó ní, "Ìyá Fisáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo fọwọ́ kúrò.

Wọ́n sọ ọkọ mi kalẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀. Nígbà tó kan ilẹ̀, ó jókòó sórí gbòǹgbò. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Obìnrin kan wí lẹ́yìn pé, "Ará Ìlobù ṣá ni. Kí lẹ ń retí?"

Bàbá Dúrósinmí yíjú padà. "Ta ló sọ ìyẹn? Ìyàwó ilé yìí ni. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, kó jáde lágbo ilé mi." Bàbá náà wá súnmọ́ mi, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Ìyàwó wa, kí lọmọ wa fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí, Bàbá. Máṣíìnì ni mo fi owó rẹ̀ rà."

"Máṣíìnì kí ni?"

"Máṣíìnì ìránṣọ, Bàbá."

Bàbá náà kàn ń wò mí. Ǹ bá yọ̀ tó bá jẹ́ pé ó nà mí lọ́pàá.

Ó ní kí wọ́n mú bẹ́líìtì náà wá. Ọkùnrin méjì mú un ní orí àti ìdí, wọ́n ń fà á. Kò já. Àwọn mìíràn kún wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, wọ́n fà á títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Kò já. Ẹnìkan ní, "Ẹ ò rí i pé ó le?" Ẹ foríjì mí, fún ìṣẹ́jú kan, orí mi wú. Mo ní nínú ara mi pé iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Nínú ìtìjú yẹn o! Irú ènìyàn wo ni mí?

Jàlálù ní, "Ènìyàn kì í fà á báyìí. Tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ńṣe lèèyàn máa já lé e lójijì." Ó gbé ìdí ẹ̀ka kan so mọ́ ọn, ó gbé bẹ́líìtì náà kọ́ sára igi, ó gbé ẹ̀ka náà sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó ya fààà, lójú ìránṣọ mi, láti ihò abẹ́rẹ́ kan dé èkejì.

Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó ṣíjú wo bẹ́líìtì, kò wò mí. Ó ní, "Jàlálù, kó ẹrù. Ká máa lọ sílé."

Kò pariwo mọ́ mi nílé. Ó bi mí bóyá oúnjẹ wà, mo gbé e fún un, ó jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Pásítọ̀ wa bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó dárí jì mí lóòótọ́, mo mọ̀. Ìdáríjì ò le fún un. Èyí tó le ni pé tí mo bá rán bọ́tìnì sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, ó máa ń fà á wò.

Mo dá máṣíìnì padà fún Kingsley. Ó ní òun kì í gba ọjà padà, mo ní kó gbà á ní iyekíye tó bá wù ú, ó sì gbà á ní iye tó wù ú lóòótọ́. Èmi àti Nehemiah jọ lọ ra bẹ́líìtì, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sókè yẹn gan-an. Ó wò ó níwá lẹ́yìn. Ojúlówó ni.

Ṣùgbọ́n kò lè gungi mọ́. Ó wọ bẹ́líìtì náà níwájú máńgòrò inú ọgbà wa, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àyùnrẹ́ bàbá ṣì tẹ̀ sórí yàrá rẹ̀, òjò sì ń súnmọ́lé. Oníbàárà ń pè, ó ń purọ́ fún wọn pé ara òun ò yá.

Mo ní, "Ṣé kí Jàlálù máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó ní, "Mi ò fẹ́ Jàlálù." Ó tú bẹ́líìtì náà kúrò nídìí rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ìwọ wọ̀ ọ́."

"Èmi?"

"Wọ̀ ọ́. Gbé ara rẹ kọ́ sókè níbẹ̀, kí n rí i."

Mo wọ̀ ọ́ sórí yẹ̀rì. Ó so mí mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, mo gun àpótí, mo sì ju ara mi sílẹ̀, gbogbo ìwúwo mi. Ó gbé mi dúró. Àwọn aládùúgbò dúró sí ojú ògiri, wọ́n ń wò. Nehemiah fi ọwọ́ tì mí, mo fì síwá, mo fì sẹ́yìn. Ó ń wo ìdí okùn, kò wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó tú mi sílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ooru ara mi lára rẹ̀, ó sì lọ gé àyùnrẹ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, mi ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kan fún yín. Tí wọ́n bá fi ẹ̀mí ènìyàn rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín. Ìyẹn náà ni mo mọ̀.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo àárọ̀ tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń wọ bẹ́líìtì. Ìbàdí ń dùn mí. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ti mọ àsìkò mi, wọ́n á dúró, wọ́n á máa kígbe, "Ìyá Fisáyọ̀, ẹ fò!" Mo máa ń wo ojú ọkọ mi láti ibi tí mo rọ̀ sí, bóyá òní ló máa ní ó tó. Yóò wo irin, yóò wo okùn, yóò fa ìdí ìránṣọ rẹ̀ wò.

Yóò ní, "Tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màá sì tún gun àpótí.